Ọjọ́ Tí Dádì Kúnlẹ̀ Níwájú Àga Mi

Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, Ọjọ́bọ̀ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọdún tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ohun tó jí mi ni òórùn ọkpa gbígbóná tí Mama Nkechi inú ọgbà wa ń gbé kọjá lẹ́yìn fèrèsé wa, ọkpa tó jọ mọ́ínmọ́ín ṣùgbọ́n tó le jù ú lọ, tí òórùn epo pupa rẹ̀ máa ń wọlé wá bá èèyàn lórí ibùsùn láìkan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn òórùn ni ariwo dé. Táńkà omi láti Ninth Mile ti wà lẹ́nu géètì, awakọ̀ ń fun fèrè, Mọ́mì sì ń sáré jáde pẹ̀lú ìró tí wọn kò tíì so dáadáa, wọ́n ń pariwo pé, "Oga driver, abeg wait! Ẹ má tíì lọ o!"

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Enugu bíi tèmi kò nílò àlàyé. Ẹ mọ bí ẹnu ẹ̀rọ omi ṣe máa ń mí fìn-ìn bí ẹ bá ṣí i, tí afẹ́fẹ́ nìkan á sì jáde. Mọ́mì ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ nígbàkígbà tí ọmọ bá bu omi kún ife jù: "Ṣé o rò pé afẹ́fẹ́ ni?" Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ibì kan wà láyé tí omi ti pọ̀ bí afẹ́fẹ́, inú mi sì bà jẹ́ díẹ̀ pé a ò sí níbẹ̀. Ọmọ tí nǹkan kékeré máa ń bà nínú jẹ́ ni mí. Mo ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Yàrá méjì la ní nígbà yẹn, nínú ọgbà kan tí kò jìnnà sí ọjà Ogbete, ìdílé Yorùbá méjì ló sì wà nínú ọgbà náà. Àwa nìkan kọ́, Bàbá Ráfíù àti ìdílé wọn wà ní òdìkejì. Wọ́n ń ta òwú, bọ́tìnnì àti aṣọ ìtẹ́nú fún àwọn télọ̀ ní Ogbete, Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọmọ wọn, Ráfíù, fi oṣù díẹ̀ jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Tó bá di Iléyá, ẹran wọn á dé inú ìkòkò wa kí ó tó tutù. Tó bá di Kérésì, ìrẹsì wa á ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí àwa fúnra wa tó jókòó jẹun. Ó máa ń ya àwọn Igbo tó bá wa gbé nínú ọgbà lẹ́nu. Mama Nkechi bi Mọ́mì nígbà kan pé, "Mama Moji, una two be one church?" Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí. "No o," ni wọ́n dáhùn. "Na only meat we dey join."

Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn ni Dádì ní ilé-ìwé girama. Iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ló gbé bàbá wọn wá sí Enugu láyé àtijọ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì dá ìjọ Yorùbá kékeré tí à ń lọ sílẹ̀. Dádì fẹ́ràn ìbéèrè bí àwọn bàbá mìíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. "Béèrè," ni wọ́n máa ń wí, "ìjọba kò tíì bu owó orí lé ìbéèrè." Ìgbà tí táńkà bá kọ̀ tí kò wá, tí a ní láti lọ pọn omi lójú títì, tí a ń ti bárò tó kún fún kẹ́ẹ̀gì bọ̀ wálé, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú eruku pupa yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé rò nípa Ọlọ́run.

Onílé wa wà ní Jámánì. Kò sẹ́ni tó rí i rí nínú ọgbà, àwòrán rẹ̀ nìkan ló wà lára ògiri lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń bá a gba owó ilé. Òun ni Dádì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. "Àwọn kan gbà pé bí onílé wa yìí ni Ọlọ́run rí," wọ́n ní. "Ó kọ́lé tán, ó fi òfin sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní rárá, ilé gan-an ni Ọlọ́run. Bíríkì ni, páànù ni, ìwọ náà ni, ewúrẹ́ Mama Nkechi náà ni."

"Ewúrẹ́ tó jẹ ìwé mi?"

"Òun náà. Àwọn kan sì wà tó ní kò sí onílé kankan, ilé kàn wà bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwa ńkọ́, sà?"

Dádì dúró, wọ́n nu òógùn ojú wọn. "Àwa sọ pé Onílé fúnra rẹ̀ kó wá sínú ọgbà, ó gbé yàrá kan, ó sì ń tò fún omi pẹ̀lú àwọn ayálégbé."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé bárò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ráfíù tó ń ti tiwọn bọ̀ lẹ́yìn ti gbọ́. "Bàbá mi ní Ọlọ́run tóbi ju ìyẹn lọ, sà," ó ní.

"Òótọ́ ni bàbá rẹ sọ, Ó tóbi," Dádì dá a lóhùn bí ẹni ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. "Ohun tí èmi àti bàbá rẹ ò tíì fẹnu kò sí ni ohun tí Ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ láti ṣe."

Mi ò sọ fún Dádì nígbà náà, ṣùgbọ́n ti Bàbá Ráfíù ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n fi tọ́ mi ni pé ẹni ńlá kì í tẹrí ba fún ẹni kékeré. Èmi ni mo ń kúnlẹ̀ kí àwọn èèyàn láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí mo bá gbé omi fún wọn, nígbà tí mo bá gba ife padà. Àwọn ọmọ Igbo nínú kíláàsì wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orúnkún mi á tètè gbó. Báwo ni Ọlọ́run ṣe wá lè jẹ́ ẹni tí yóò tò lẹ́yìn mi?

Ká padà sí Ọjọ́bọ̀ yẹn. Lọ́dọọdún ni Pásítọ̀ wa máa ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn méjìlá nínú ìjọ, bí Jésù ṣe wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́dún yẹn, orúnkún ń dun Pásítọ̀, wọn ò lè kúnlẹ̀ rárá, ni wọ́n bá ní kí Dádì rọ́pò àwọn. Dádì ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọmọdé ni kí ó jókòó lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n yan méjìlá, èmi wà níbẹ̀. A dánrawò lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí omi, bàsíà gbígbẹ la fi dánrawò, nítorí ṣòkòtò, Dádì kò kúnlẹ̀. Wọ́n kàn máa ń dúró níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní, "Ibí ni màá ti kúnlẹ̀, ẹ̀yin ẹ ṣáà jókòó jẹ́ẹ́." Gbogbo wa ní, "Yes sir." Kò sẹ́ni tó rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n wá sọ fún wa pé ara ọmọ kan nínú méjìlá ti sú, kò lè wá mọ́. Dádì rìn lọ bá Bàbá Ráfíù, tí wọ́n ń di ẹrù ọjà wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yá àwọn ní Ráfíù di alẹ́. Mo dúró lẹ́bàá dúrọ́mù omi, mo ń gbọ́ wọn.

"Ṣé wọ́n máa ní kó sọ nǹkan kan?" Bàbá Ráfíù béèrè.

"Rárá o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la fẹ́."

Bàbá Ráfíù fa okùn ẹrù le. "Olùkọ́, tiyín ni. Ẹ máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ forí balẹ̀. Ráfíù, ṣé o gbọ́? Bí gbogbo wọn bá wólẹ̀, ìwọ jókòó."

"Mo gbọ́, sà."

Mọ́mì ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìdọ̀tí kankan ti inú ilé àwọn jáde lọ bá Jésù. Wọ́n to èmi àti Ráfíù sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́mù, wọ́n gbé kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú jáde. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ fọ̀, wọ́n ha gìgísẹ̀ mi bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Nígbà tó kan Ráfíù, ó ní òun lè dá a ṣe. Bó ṣe máa ń ṣe àlùwàlá ló ṣe é: ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́, títí dé kókósẹ̀, ó fi ìka ra àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi tó lò kò tó ìdajì tèmi.

"Mojí, ṣé o rí ọmọ tó mọ omi í lò?" Mọ́mì wí.

Ráfíù wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dán. "Ṣùgbọ́n mà," ó ní, "bí a bá ti wẹ̀ ẹ́ báyìí, kí ni Dádì Mojí fẹ́ wá wẹ̀ nírọ̀lẹ́?"

"Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù, gbé bàtà ẹ," ni Mọ́mì wí.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ti ìdọ̀tí, pé Jésù ni Dádì dúró fún, Jésù sì ni Ọlọ́run. Ráfíù tẹ́tí sí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. "Àwa máa ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa ká tó lọ bá Ọlọ́run. Ẹ̀yin, Ọlọ́run ló ń bọ̀ wá wẹ̀ ẹ́ fún yín? Ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí!"

Mo bínú sí i títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí mi ò rí ohun tí màá fi dá a lóhùn. Mi ò tíì rí i tán títí di òní.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa kéré, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, wọ́n máa ń fi pọ́líṣì dán an títí tí a fi ń rí òjìji fáànù nínú rẹ̀. Àga méjìlá wà níwájú. Àga kìíní ni wọ́n fi mí sí, nítorí ọmọ Dádì ni mí; Ráfíù wà lórí àga tó kẹ́yìn pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀, tí ẹnì kankan ò ní kó ṣí. Dádì bọ́ kóòtù, wọ́n ró aṣọ ìnura mọ́dìí, wọ́n gbé bàsíà olódòdó tí Mọ́mì fi ń gbàlejò wá síwájú mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kúnlẹ̀.

Mi ò rí orí Dádì láti òkè rí. Mo wo àárín orí wọn, mo rí i pé irun ti ń dín níbẹ̀, ibi kékeré kan ń dán bí owó ẹyọ. Ohun tó ṣe mí kì í ṣe ìtìjú nìkan, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wọ yàrá kan tí kò yẹ kó wọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Kí ọkàn mi tó pinnu ohunkóhun, ara mi ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, mo ti kúnlẹ̀ síwájú wọn. Èmi àti Dádì wá ń wo ara wa lórí bàsíà bí àwọn méjì tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Mojí, padà sórí àga," wọ́n rọra wí.

"Mi ò lè ṣe é, sà."

"Mo ní kí o jókòó."

"Ẹ dìde ná, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ọmọkùnrin tó wà lórí àga kejì rí mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé àgbà ló kúnlẹ̀ yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pọ́líṣì. Èyí tó tẹ̀lé e náà dọ̀bálẹ̀. Ọmọbìnrin tó tẹ̀lé ìyẹn kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ láti àga dé àga, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa lẹ́yìn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, títí tí gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀ṣì fi kún fún ọmọ tó wà nílẹ̀. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ gidi ni wọ́n o!" Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún wọn mú.

Ráfíù nìkan ló ṣẹ́kù lórí àga. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí gbogbo wa bá wólẹ̀, kí ó jókòó. Ó jókòó. Ó tilẹ̀ ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú.

Dádì wò wá lọ, wò wá bọ̀. Wọ́n gbé bàsíà, wọ́n fo gbogbo wa kọjá, wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú Ráfíù, wọ́n sì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀tún kọ́kọ́, bí ẹni pé àìmọye èèyàn kọ́ ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n wẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́dún yẹn, ẹsẹ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni.

Nígbà tí a ń rìn lọ sílé, mo bi Ráfíù bó ṣe rí. "Omi yẹn tutù," ó ní. Nígbà tó yá, ó tún ní, "Dádì ẹ di ẹsẹ̀ mi mú bí ẹni pé wọ́n ti ń wá a tipẹ́."

Dádì kò bá mi wí. Nígbà tí Mọ́mì ń fi omi tó kù nínú bàsíà, tí wọ́n gbé ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, fọ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, kó má baà ṣòfò, mo sọ fún Dádì pé mi ò fẹ́ kí wọ́n bínú, pé wọ́n ti tóbi jù fún mi ni. Wọ́n fà mí mọ́ra. "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ọlọ́run tóbi," wọ́n ní. "Àwọn Bàbá Ráfíù tiẹ̀ ń sọ ọ́ jù wá lọ. Ohun tí àwa fi kún un kò ju orúnkún yẹn lọ. Tí o bá yọ ọ́ kúrò, mi ò mọ ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀, sà. Kì í ṣe Ọlọ́run."

"Ìbéèrè nìyẹn," wọ́n wí, inú wọn sì dùn gan-an.

Láti ọdún tó tẹ̀lé e ni Dádì ti ń ṣe é lọ, àwọn ọmọ sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Èmi ni mi ò jókòó mọ́. Mo máa ń wá iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà: èmi ni mo ń bu omi, èmi ni mo ń di aṣọ ìnura mú. Kò sẹ́ni tó fura, nítorí ó jọ iṣẹ́ ọmọ dáadáa.

Mo wá lọ ka fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì, èyí tí Mọ́mì ṣì ń ṣàlàyé fún àwọn ẹbí pé ó sún mọ́ lọ́ọ̀yà. Níbẹ̀ ni mo ti tún pàdé gbogbo àwọn èèyàn inú eruku pupa: àwọn tó ní Onílé ti rìnrìn àjò, àwọn tó ní ilé ni Onílé, àwọn tó ní kò sí. Mo lè bá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jiyàn, mo sì lè gbèjà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wàhálà mi wà ni pé àwọn àlàyé tó lágbára jù nínú wọn lè mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó kọ́ ilé. Kò sí ọ̀kan tó mú mi dé ibi orúnkún. Bóyá Ọlọ́run kúnlẹ̀ tàbí kò kúnlẹ̀, mi ò rí i fi ìṣirò kankan mú. Ó kàn ṣẹlẹ̀ ni, tàbí kò ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti parí ìsìnrú ìlú, tí mò ń wá iṣẹ́ láti ilé wa tuntun ní àdúgbò Ugwuaji, mo ní àkókò tó pọ̀ jù láti ro èyí, ó sì ti wọ̀ mí lára. Mi ò tíì sọ fún Dádì pé kò dá mi lójú mọ́. Dádì fúnra wọn ló ní kí n máa béèrè, mo mọ̀, síbẹ̀ àyà mi ń já.

Dádì ti fẹ̀yìntì. Lẹ́yìn Àjíǹde, àwọn àti Mọ́mì ń kó padà sí Ẹdẹ, ìlú wa. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n pè mí. "Mojí, àwọn àgbà ni yóò jókòó lọ́tẹ̀ yìí, ó sì lè jẹ́ èyí tí màá ṣe kẹ́yìn, orúnkún tèmi náà ti ń sọ̀rọ̀. Mo ti fi àga kan sílẹ̀ fún ọ. Nínú àwọn méjìlá ọjọ́sí, ìwọ nìkan ni mi ò tíì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo ní, "Màá rò ó, sà." Ojú wọn kò yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé ife omi wọn.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ogbete láti lọ bá Ráfíù, òun ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láàárín òwú aláràbarà: pé mi ò fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi parọ́, pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ yanjú iyèméjì mi kí n tó jókòó síbẹ̀, pé ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ sunkún lójú èèyàn. Ó gbọ́ mi dópin, ó ń wọn rọ́bà ìdí ṣòkòtò fún oníbàárà.

"Ìwọ àti Mọ́mì ẹ," ó ní. "Ẹ ṣáà fẹ́ kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ nílé."

"Ráfíù, mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Mojí, o mọ̀ pé èmi ò gbà pé Ọlọ́run ń kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ò gbà á, èmi náà ò gbà á. Ṣùgbọ́n ká ní mo gbà á ni, abeg, mi ò ní fi gbogbo ayé mi di aṣọ ìnura mú."

Ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni mò ń kọ èyí. Mọ́mì ti ra omi sílẹ̀. Mo ń ronú nípa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga nítorí ó dá a lójú pé ẹni tó wà níwájú òun tóbi jù. Èmi tòní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nítorí kò dá mi lójú pé ẹnì kan wà níwájú mi yàtọ̀ sí Dádì. Ìdí méjèèjì jìnnà síra, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń sá, ẹsẹ̀ kan náà ni, ó sì ti ń sá bọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mo ń jowú Ráfíù, tó jókòó láìgbà á gbọ́, tí wọ́n sì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, tí ẹ ti bá irú nǹkan báyìí pàdé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ṣé kí n sọ fún Dádì kí n tó jókòó, tàbí kí n jókòó kí n tó sọ fún wọn? Ṣé ẹni tí kò tíì gbà tán lè gbé ẹsẹ̀ sínú omi yẹn láìṣe àgàbàgebè? Ẹ sì dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó sọ ọ́ fún mi: tí orí bàbá mi bá tún wà nísàlẹ̀ níwájú mi, tó ti funfun báyìí, kí ni màá fi ọwọ́ mi ṣe?